Ìbejì Owó Pọ́ọ́kú

Atẹ́gùn Amarílò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó bá mi wọ ṣọ́ọ̀bù Hólísì láàárọ̀ Sátidé,
ó fọ́n ìwé ìpolówó ká orí káńtà.
Hólísì gbé ìbọn ìléwọ́ méjì lé wọn, kí wọ́n má baà fò lọ.

Ọ̀kan lórúkọ. Ọlọ́pàá ń gbé e, olè ń gbé e,
ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀ kó tó mọ ti gómìnà.
Ẹgbẹ̀ta dọ́là, ó lé díẹ̀.
Èkejì jọ ọ́ bí awẹ́ obì ṣe jọ awẹ́ obì,
abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ọta.
Igba dọ́là ó lé ogójì.

Ọkọ mi ló ní kí n wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi
lójú ọ̀nà Hẹ́rífọ́dù, ní aago méjì òru,
Oyèlàmí kò sùn dáadáa mọ́.
Èmi ń sùn. Iṣẹ́ kí á máa yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì
láti oko dé oko
kì í fi ààyè ẹ̀rù sílẹ̀ lára ènìyàn.

Bàbá mi ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Ìkìrun.
Wọ́n á mú ayédèrú wá bá a, wọ́n á máa tijú.
Á gbé e sétí, á di ojú, á ní:
"Ayédèrú kì í parọ́. Ẹni tó pè é ní ojúlówó ló parọ́.
Dákẹ́, jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń sọ."

N kò lè gbé ìbọn sétí.
Mo fa ẹ̀yìn rẹ̀ lófìfo, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo tún fà á.
Ojúlówó dún kẹ́rẹ́, ó panu dé.
Ìbejì rẹ̀ dún kẹ̀rẹ̀ṣẹ̀,
bí ilẹ̀kùn tí iyanrìn wọ àgbékọ́ rẹ̀.
Ibi tí ìka ń fà rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wá dúró, ó ronú
kó tó gbà. Ìrònú yẹn ni n kò fẹ́ràn.
Ṣùgbọ́n èékù rẹ̀ bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu ju ti ọlọ́lá lọ.

Igba ọta. Hólísì ń kà, mo ń yìn.
Èèpo idẹ ń ta sí mi lọ́rùn, ó gbóná bí epo àkàrà.
Ní ìkẹtàdínlógójì, ó há.
Nígbà tó ku mẹ́wàá, ó tún há.
Aago tó bá dá lẹ́ẹ̀mejì, ènìyàn á kàn pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni.
Hólísì ní ọwọ́ mi ló rọ̀,
pé ìbọn ń fẹ́ ẹni tó máa dúró tì í.
Ó yá mi ní ojúlówó, àádọ́ta ọta.
Òun náà há mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
N kò sọ fún Oyèlàmí.

Mo san owó ìbejì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ádíìtì Késílà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
gbóòórùn ẹ̀tù lára mi kí n tó bọ́ kóòtù.
Òfin iṣẹ́ wa ní kó máa wà nínú ọkọ̀.
"Mú un wá," ó ní.
Mo yọ ilé ọta, mo yẹ ihò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì,
mo gbé e lé ọwọ́ tó ti pa ejò
tí ń mi ìrù bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.
Ó wọ̀n ọ́n lókè, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀.
"Ó fúyẹ́ bí ìlérí ọkọ mi àkọ́kọ́.
Ṣé ó ń yìn?"
Mo ní, lọ́pọ̀ ìgbà.
"Bí ọkàn mi náà nìyẹn. Ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀,
awọ màlúù ni wọ́n fi ṣe é."

Mo gbé ìbọn padà sínú àpò,
mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e láyà,
mo di ojú.
Kẹ̀rẹ̀ṣẹ̀. Kẹ̀rẹ̀ṣẹ̀.
Ó fọwọ́ tọ́ mi: "Tíì mi ńkọ́?"